Ìgbà Òjò àti Ìgbà Ẹ̀ẹ̀rùn Lórí Odò Ògùn

 

Ìwé kan tẹ̀ wá lọ́wọ́ láti ọ̀dọ̀ baba kan ní Ìṣẹ́yìn. Ọmọ rẹ̀ tí ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ kà á nínú ìwé rẹ̀ pé ní ilẹ̀ Scotland àwọn ènìyàn a máa fi ìyẹ́ adìẹ àti òwú wé ara ìwọ̀ kékeré títí yóò fi dàbí eṣinṣin, wọn a sì jù ú sí ojú omi kí ẹja kan tí à ń pè ní trout lè rò pé kòkòrò ni, kí ó sì gbé e mì. Ọmọ náà bi baba rẹ̀ léèrè bóyá irú ẹja bẹ́ẹ̀ wà ní odò Ògùn, àti oṣù tí ó dára jù láti lọ pa á. Baba kò rí èsì fún un, ni ó bá kọ̀wé sí wa. Ìbéèrè ọmọ yìí jinlẹ̀ ju bí òun fúnra rẹ̀ ti mọ̀ lọ, nítorí apá kejì rẹ̀, èyí tí ó kan oṣù, ni ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ní Òkè-Ògùn kò bi ara wọn rí.

Kí a kọ́kọ́ dáhùn apá kìíní. Kò sí trout ní odò Ògùn, kò sì lè sí. Ẹja omi tútù ni í ṣe. Bí omi bá gbóná kọjá ìwọ̀n 20 lórí òṣùwọ̀n Celsius tí ó sì pẹ́ bẹ́ẹ̀, ara a máa ni ín, nítorí pé omi gbígbóná kì í gba afẹ́fẹ́ sínú tó omi tútù, trout sì jẹ́ ẹja tí ń fẹ́ afẹ́fẹ́ púpọ̀ nínú omi rẹ̀. Ní ilẹ̀ Áfíríkà tí oòrùn ti ń mú, orí òkè gíga ni àwọn Òyìnbó ti rí àyè fún un. Ní ọdún 1905 a kó ẹyin rẹ̀ láti Scotland wá sí Kenya, a sì tú àwọn ọmọ rẹ̀ sínú odò lórí òkè Aberdare, níbi tí òtútù òru ti ń mú ènìyàn gbọ̀n. Ó sì gbilẹ̀ níbẹ̀. Ní ìhà ọ̀dọ̀ wa, àní ní àárín ọyẹ́ nígbà tí àwọn ọmọ ń yáná ní òwúrọ̀, omi odò kì í tutù pẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà nínú àṣà àwọn ará Scotland tí ó yẹ kí a gbé yẹ̀wò ju ìyẹ́ adìẹ lọ. Òfin ilẹ̀ wọn ni pé láti ọjọ́ 7 oṣù kẹwàá títí di ọjọ́ 14 oṣù kẹta, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pa trout ìbílẹ̀ wọn, ìbáà ṣe ọlọ́lá, ìbáà ṣe tálákà. Ó di ọjọ́ 15 oṣù kẹta kí wọ́n tó gbé ọ̀pá ìwọ̀ jáde. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro í mọ̀: nínú àwọn oṣù wọ̀nyí ni ẹja náà ń lọ sí òkè odò láti gbẹ́ kòtò sínú òkúta wẹ́wẹ́, kí ó sì yé ẹyin rẹ̀ síbẹ̀. Wọ́n mọ oṣù tí ẹja wọn ń yé, wọ́n sì yẹra fún un. Àwa ńkọ́? Ní odò Ògùn àti ní odò Òfìkì, oṣù tí ẹja ń yé gan-an ni àwọn ènìyàn wa ń kó ara wọn jọ lọ pa á, wọ́n sì ń pè é ní oore òjò.

Ẹ jẹ́ kí a wo odò náà fúnra rẹ̀. Odò Ògùn ń sun láti inú ilẹ̀ olókè ní ìhà Ṣakí, ó sì ń ṣàn lọ sí ìhà gúúsù fún nǹkan bí 480 kìlómítà kí ó tó dé ọ̀sà ní Èkó. Odò Òfìkì pẹ̀lú ti ìhà Ṣakí wá, ṣùgbọ́n ọ̀nà tirẹ̀ yàtọ̀: ó lọ pàdé odò Ọ̀yán kí àwọn méjèèjì tó jùmọ̀ lọ bá Ògùn. Ilẹ̀ ọ̀dàn ni ilẹ̀ wa, kì í ṣe ilẹ̀ igbó kìjikìji bí ti Oǹdó. Òjò a máa bẹ̀rẹ̀ ní òpin oṣù kẹta tàbí ní oṣù kẹrin, a sì máa dá ní oṣù kẹwàá. Ìyókù ọdún jẹ́ ti oòrùn àti ti ọyẹ́. Nítorí náà odò wa kì í ṣe odò kan náà yípo ọdún. Ní oṣù kẹsàn-án, ẹni tí kò mọ̀wẹ̀ kò gbọdọ̀ sún mọ́ etí rẹ̀. Ní oṣù kejì, ọmọdé lè la àárín rẹ̀ kọjá ní ibi púpọ̀ láìjẹ́ pé omi kan orúnkún rẹ̀. Ìṣàn rẹ̀ a gé sí wẹ́wẹ́. Àpáta àti iyanrìn ni ojú ń rí, àfi ní àwọn ìbú, níbi tí omi ṣì dúró lábẹ́ òjìji àwọn igi etídò.

Ìbú wọ̀nyí gan-an ni ọ̀rọ̀ wa dá lé. Nígbà tí omi bá fà, gbogbo ẹja tí ó ti wà káàkiri odò gígùn náà ni ó ń sá wọ inú wọn: àrọ̀, epìyà, ọ̀bọ̀kún, àti òjìjí tí ń gbọn apá ènìyàn jìnnìjìnnì bí a bá ṣèèṣì fọwọ́ kàn án. A lè fi ìbú wé àká tí àgbẹ̀ kó irúgbìn àgbàdo pamọ́ sí. Ẹni tí ó bá dé etí rẹ̀ ní oṣù kẹta yóò rí i pé iṣẹ́ apẹja ti rọrùn jù: omi kò jìn mọ́, ẹja há, àwọ̀n ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo a sì máa kó ohun tí ìgèrè mẹ́wàá kò lè kó ní oṣù kẹjọ. Ibẹ̀ ni ìdánwò wà. Àwọn mìíràn a máa fi igbá àti garawa gbọ́n omi náà gbẹ pátápátá, wọn a sì kó ẹja àti ọmọ ẹja, títí kan èyí tí kò tó ìka ọwọ́. Nígbà tí òjò bá dé tí odò bá kún, wọn a jókòó sí etí rẹ̀, wọn a máa wí pé ẹja ti tán láyé. Níbo ni kí ó ti wá? Irúgbìn ni wọ́n ti sè jẹ.

Baba àgbà kan tí ó ti ń pẹja ní Òfìkì láti kékeré bá wa sọ̀rọ̀ nígbà kan bí ó ti ń tún àwọ̀n rẹ̀ ṣe. Ó ní, “Akọ̀wé, ọmọ mi, láyé àwọn baba wa, ìbú mìíràn wà tí ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ kàn. Wọ́n ní ẹni tí ó ni ibẹ̀ a máa bínú. Nísinsìnyí ẹ̀yin tí ẹ lọ ilé-ìwé ti sọ fún àwọn ọmọ pé kò sí ẹnikẹ́ni tí ó ni ibẹ̀, ni wọ́n bá wọ inú rẹ̀ lọ.” A rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn wa títí di òní. A kò wí pé kí ẹnikẹ́ni padà máa bẹ̀rù omi. Ohun tí a ń wí ni pé níbi tí ìbẹ̀rù ti kúrò, òye ni ó yẹ kí ó jókòó síbẹ̀, kì í ṣe ìwọra.

Kò sì yẹ kí a dé Scotland kí a tó rí àpẹẹrẹ. Àwọn ará Argungu ní ìpínlẹ̀ Kebbi ní ibì kan nínú odò wọn tí à ń pè ní Matan Fada. A kì í pẹja níbẹ̀ títí ọjọ́ ọdún ẹja wọn yóò fi pé. Oyè kan sì wà, Sarkin Ruwa, tí iṣẹ́ ẹni tí ó bá jẹ ẹ́ jẹ́ láti máa ṣọ́ omi náà. Láti 1934, nígbà tí Sultan Hassan ti Sókótó bẹ ìlú náà wò, ni ọdún yìí ti di ńlá tó bí a ti mọ̀ ọ́n. Lọ́jọ́ náà ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọkùnrin a bọ́ sínú omi lẹ́ẹ̀kan náà pẹ̀lú àwọ̀n ọwọ́ àti akèrègbè ńlá, láìsí ìwọ̀, láìsí oògùn. Ní 2005 ẹja tí ó gba ipò kìíní wọn kìlógíráàmù 75, èyí tí ó tó ìwọ̀n àgbàlagbà ọkùnrin kan. Àjọ UNESCO sì kọ ọdún ẹja náà sínú àkọsílẹ̀ rẹ̀ ní 2016. Ẹ bi ara yín léèrè bóyá irú ẹja bẹ́ẹ̀ yóò rí àyè dàgbà nínú ìbú tí a ń fi garawa gbọ́n lọ́dọọdún. Ní tiwa, bí baálẹ̀ abà kan àti àwọn apẹja rẹ̀ bá lè fi ẹnu kò lórí ìbú kan ṣoṣo, kí wọ́n má fọwọ́ kàn án láti oṣù kejì títí òjò yóò fi balẹ̀, kò sí owó tí yóò ná wọn. Àríyànjiyàn yóò wà, a mọ̀. Àríyànjiyàn kì í pa ènìyàn.

Nígbà náà ni òjò àkọ́rọ̀ yóò dé. Lálẹ́ ọjọ́ náà èèsúnsún a jáde láti inú ilẹ̀, wọn a máa fò yí iná ká, àwọn ọmọ a sì gbé abọ́ omi sábẹ́ fìtílà láti kó wọn fún dídín. Ní odò pẹ̀lú, ẹja mọ ọjọ́ yìí. Àwọn ẹja kéékèèké tí ń jẹun lójú omi a máa fò sókè gbé èyí tí ó bá já bọ́, a óò sì máa gbọ́ ìró wọn nínú òkùnkùn. Ẹ rí i pé ọgbọ́n àwọn ará Scotland kì í ṣe àjèjì rárá: wọ́n wo kòkòrò tí ń jáde lórí omi wọn, wọ́n sì fi ìyẹ́ ṣe àwòrán rẹ̀. Èèsúnsún gidi lórí ìwọ̀ tín-ín-rín yóò ṣe iṣẹ́ kan náà, a kò sì ní rà á lọ́jà.

Láti oṣù karùn-ún lọ, omi a bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Àwọ̀ rẹ̀ a yí padà di ti ẹrẹ̀, a sì máa wọ inú koríko etídò díẹ̀díẹ̀. Èyí ni àrọ̀ ti ń retí. Ní òru, pàápàá lẹ́yìn òjò ńlá, abo àti akọ a jáde kúrò nínú ìṣàn odò, wọn a wọ inú àbàtà tí omi rẹ̀ kò ju orúnkún lọ, wọn a sì yé ẹyin wọn sí ara koríko tí omi bò. Abo àrọ̀ tí ó dàgbà dáadáa a máa ní ju ẹyin 20,000 lọ nínú. Kì í dúró tọ́jú wọn. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti padà síbi omi jíjìn. Láàárín ọjọ́ kan sí méjì ẹyin náà a pa, àwọn ọmọ a sì máa dàgbà nínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tí oúnjẹ pọ̀ sí, títí omi yóò fi fà tí yóò sì kó wọn padà sínú odò. Ọlọ́run tún fún ẹja yìí ní ẹ̀yà ara kan ní orí rẹ̀ tí ó fi lè mí afẹ́fẹ́ òkè bí àwa ti ń mí i. Nítorí náà ni ó ṣe lè wọ́ gba orí ilẹ̀ tútù kọjá, tí ó sì lè wà láàyè nínú ẹrẹ̀ nígbà tí ẹja mìíràn ti kú. Àwọn tí ń wí pé àrọ̀ tí wọ́n bá pàdé lójú ọ̀nà lóru kì í ṣe ẹja lásán, kí wọ́n fi ọkàn balẹ̀. Ẹja lásán ni. Ó ń lọ yé ẹyin ni.

Ṣùgbọ́n ẹja tí ó wà nínú omi tí kò jìn kò lè sá. Gbogbo ọ̀dọ́mọkùnrin mọ èyí. Wọn a mú iná tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ kan, àdá lọ́wọ́ kejì, wọn a sì máa ṣá wọn lórí. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ọjà a kún fún àrọ̀ tí ikùn wọn wú. Àwọn oníbàárà a tilẹ̀ máa tẹ ikùn rẹ̀ wò kí wọ́n tó ná an, nítorí pé ẹyin rẹ̀ dùn nínú ọbẹ̀. A kò bá ìyá tí ń wá ohun ọbẹ̀ wí. Kí ó kàn ṣírò ohun tí ó wà nínú ìkòkò náà. Bí a bá ní kí ọ̀kan péré yè nínú igba ẹyin, 100 ẹja ni ìbá ti inú àrọ̀ kan yìí jáde. Kí ìyá béèrè lọ́wọ́ ẹlẹ́ja rẹ̀ ní oṣù kẹfà bóyá ó ní akọ, tàbí kí ó ra epìyà, tàbí kí ó se ẹ̀gúsí pẹ̀lú ẹran ní ọ̀sẹ̀ náà. Ohun tí kò bá tà, kò sí ẹni tí yóò jí lóru lọ ṣá a.

Bàbá ilé ńkọ́? Ọ̀rọ̀ tiwọn kúrú. Láti oṣù karùn-ún títí dé oṣù keje, ẹ fi àbàtà sílẹ̀ fún ẹja lóru. Bí ẹ bá fẹ́ pẹja, ẹ ju ìwọ̀ sínú ìṣàn odò gan-an ní ọ̀sán. Àrọ̀ tí ẹ bá sì fà jáde tí ikùn rẹ̀ rọ̀ tí ó sì wú, ẹ dá a padà, ìwọ̀ a máa jẹ́ kí èyí ṣeé ṣe, àdá kì í jẹ́ kí ó ṣeé ṣe.

Epìyà yàtọ̀. Kì í retí ìkún omi. Bí omi bá ti lọ́ wọ́ọ́rọ́, a máa yé lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ọdún, nítorí náà ni kì í fi í tán kíákíá. Irú kan wà nínú wọn tí ìyá a máa gbé ẹyin rẹ̀ sí ẹnu títí wọn yóò fi pa. Nígbà tí àwọn ọmọ bá ti ń wẹ̀ ní àyíká rẹ̀ tán, bí ewu bá dé, wọn a tún sáré wọ ẹnu ìyá wọn. Ní gbogbo àkókò yìí kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹun. Bí ọmọ yín bá mú epìyà tí àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ń tú jáde ní ẹnu rẹ̀, kí ó má ṣe rò pé ó ń bì. Kí ó yára dá a padà sí omi. Ẹja tútù ni a ń ká. Ọmọ tí ó bá kọ́ èyí ní ọmọ ọdún mẹ́wàá kì yóò di àgbàlagbà tí ń gbọ́n ìbú gbẹ.

Oṣù kẹjọ àti oṣù kẹsàn-án: ẹ fi odò sílẹ̀. Omi ń gbé igi lọ, ẹja kò sì rí ìjẹ nínú omi ẹlẹ́rẹ̀.

Nígbà tí òjò àrọ̀kúrò bá kọjá, láti ìdajì oṣù kẹwàá títí dé oṣù kejìlá, ni ìgbà tí ó tọ́ dé. Ẹja ti jẹun yó ní àbàtà fún oṣù mẹ́ta, ó sanra, ó sì ti yé ẹyin rẹ̀ tán. Omi ń fà padà sínú odò ní ojú ọ̀nà tóóró tóóró, ìgèrè tí a bá dẹ sí ẹnu ọ̀nà wọ̀nyí ní ìrọ̀lẹ́ a sì máa kún kí ilẹ̀ tó mọ́. Ìmọ̀ràn kan péré ni a ní fún ẹni tí ń hun ìgèrè: kí ó má ṣe hun ún pọ̀ jù. Kí ìka méjì lè gba àárín ọ̀pá rẹ̀ kọjá. Ọmọ ẹja tí a pa ní oṣù kẹfà láti inú ẹyin kò tíì tó ohun tí à ń jẹ ní oṣù kọkànlá. Bí a bá jẹ́ kí ó gba àárín ìgèrè lọ sí ìbú, a óò tún pàdé rẹ̀. Nígbà tí ọyẹ́ bá mú, omi a mọ́ gaara, ẹja a sì máa lọ́ra ní òwúrọ̀. Ẹ má ṣe jí lọ. Ẹ dúró títí oòrùn yóò fi ga, kí ẹ lo okùn tín-ín-rín, kí ẹ sì jókòó kí òjìji yín má bàa bọ́ sójú omi. Ekòló dára fún epìyà àti ọ̀bọ̀kún. Àrọ̀ a máa fẹ́ ohun tí ń rùn, bí ìfun adìẹ.

Gbogbo ohun tí a ti sọ yìí jẹ́ ti odò tí ń ṣàn bí Ọlọ́run ti dá a. Àwọn tí ń gbé nítòsí omi tí ìjọba sé ní Ìkẹ́rẹ́, ní ilẹ̀ Ìṣẹ́yìn, mọ̀ pé tiwọn kò rí bẹ́ẹ̀. Ìjọba Alhaji Shehu Shagari ni ó dá iṣẹ́ dáàmù náà sílẹ̀ lórí odò Ògùn ní 1983, láti gba omi tí ó tó 690 mílíọ̀nù mítà onígun, láti bomi rin oko tí ó tó hẹ́kítà 12,000, àti láti pèsè iná mànàmáná. Ìjọba yí padà ní òpin ọdún náà, ọ̀pọ̀ ọdún sì kọjá láìjẹ́ pé iná kankan ti ibẹ̀ jáde. Ṣùgbọ́n ẹja kò retí iná. Adágún náà di ibùgbé fún wọn, omi rẹ̀ kì í sì í gbẹ dé ìwọ̀n tí ti ìbú ń gbẹ, nítorí náà a lè pẹja níbẹ̀ yípo ọdún. Ohun tí ó yẹ kí apẹja adágún máa ṣọ́ ni etí omi tí koríko wà, nítorí ibẹ̀ ni epìyà ń kọ́ ọmọ rẹ̀ sí. Kí ó sì da àwọ̀n rẹ̀ síwájú sí i nínú omi jíjìn. Ní ti Òfìkì, ẹ rántí pé ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti di dídí láti 1983, nígbà tí a ṣí dáàmù Ọ̀yán níbi tí Òfìkì àti Ọ̀yán ti pàdé. Ẹja ìsàlẹ̀ odò kò lè gun ògiri náà wá kún èyí tí ó bá tán lọ́dọ̀ wa. Ohun tí ó bá kù sínú ìbú Òfìkì lókè ni gbogbo ohun tí Òfìkì lókè ní.

Apá òkè odò Ògùn kan wà nínú Old Oyo National Park, ọgbà ẹranko tí ó fẹ̀ tó 2,512 kìlómítà onígun, tí ìjọba àpapọ̀ sọ di ọgbà orílẹ̀-èdè ní 1991. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pẹja níbẹ̀. Àwọn kan ń kùn nítorí èyí. Èrò tiwa ni pé bí òfin yìí bá múlẹ̀ gidi, àwọn tí ń pẹja ní ìsàlẹ̀ ọgbà náà ni yóò jẹ èrè rẹ̀, nítorí ẹja kò mọ ààlà ọgbà. Nígbà tí omi bá kún, yóò ṣàn lé wọn lọ́wọ́.

A fẹ́ kọ nípa oògùn. Láyé àtijọ́ àwọn ènìyàn a máa gún ewé kan tàbí èso kan sínú omi, ẹja a sì léfòó bí ẹni tí ó mutí yó. Ìyẹn kò dára, nítorí kì í ya ọmọ ẹja sọ́tọ̀. Ṣùgbọ́n èyí tí ó burú jù dé nígbà tí àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í da oògùn kòkòrò tí a ṣe fún igi kòkó sínú odò. Gammalin 20 ni èyí tí a mọ̀ jù. Lindane ni ohun tí ń pa kòkòrò nínú rẹ̀, májèlé tí kì í tètè parẹ́, tí ó sì máa ń wọ inú ọ̀rá ẹja àti ti ènìyàn, tí ó sì ń dúró síbẹ̀. Ní 2009 àwọn orílẹ̀-èdè tí ó fọwọ́ sí àdéhùn Stockholm fi í sínú àwọn oògùn tí a gbọ́dọ̀ fòpin sí lílò wọn ní oko. Òfin ẹja inú odò tí ìjọba Nàìjíríà ṣe ní 1992 náà ka májèlé àti àdó olóró léèwọ̀ nínú omi. A ti rí ìbú kan rí ní ọjọ́ kejì tí a ti da irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sí i. Kì í ṣe ẹja nìkan ni ó léfòó: akàn, ọ̀pọ̀lọ́, ejò omi, gbogbo wọn ni. Ẹyẹ lékeléke kan dúró sí etí rẹ̀, kò jẹun. Obìnrin mẹ́ta sì wà níbẹ̀ tí wọ́n ń ṣa ẹja náà sínú agbọ̀n, láti lọ yan án kí wọ́n sì tà á ní ọjọ́ ọjà. A bẹ̀ wọ́n. Wọ́n dá wa lóhùn pẹ̀lẹ́ pé iná yóò pa gbogbo ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin ìyá, iná kì í pa irú májèlé yìí. Ẹja tí ó bá pọ̀ lọ́jà lójijì ní oṣù kẹta, tí ńlá àti kékeré rẹ̀ dàpọ̀, tí kò sì ní ojú ọgbẹ́ ìwọ̀ tàbí ojú àwọ̀n lára, ẹ béèrè ibi tí ó ti wá kí ẹ tó san owó.

Nípa àwọn ọmọ tí ń bá baba wọn lọ sí odò: a dúpẹ́ pé sòbìà, tí ó ti fi ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ Òkè-Ògùn sórí ẹní ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn nígbà kan rí, ti lọ, ní 2013 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé jẹ́rìí pé ó ti tán ní Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n àtọ̀sí ajá kò tíì lọ. Kòkòrò rẹ̀ ń ti ara ìgbín kékeré inú omi tí kò ṣàn jáde, ó sì ń gba awọ ara wọlé. Ọmọ tí ó bá ń tọ ẹ̀jẹ̀ kì í ṣe ọmọ tí ó ń di ọkùnrin, bí àwọn kan ti ń wí. Kí a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, oògùn rẹ̀ wà, praziquantel ni. Ọmọ tí ó jókòó sórí àpáta tí ó ju ìwọ̀ rẹ̀ kò nílò láti wọ omi rárá, èyí sì jẹ́ ìdí mìíràn tí a fi fẹ́ràn ìwọ̀ ju gbígbọ́n omi lọ.

Ní báyìí, fún ọmọ Ìṣẹ́yìn tí ó béèrè. Dúró di oṣù kọkànlá. Wá ìwọ̀ tí ó kéré jù lọ ní ìsọ̀ àwọn tí ń ta nǹkan apẹja, fa ìyẹ́ pupa díẹ̀ ní ọrùn àkùkọ, kí o sì fi òwú dúdú wé e mọ́ ara ìwọ̀ náà títí yóò fi dàbí èèsúnsún tí ìyẹ́ rẹ̀ ti rọ̀. Lọ pẹ̀lú baba rẹ àti pẹ̀lú ọ̀pá gígùn, síbi tí omi ti ń yára kọjá láàárín àpáta méjì. Jẹ́ kí ó bọ́ sójú omi jẹ́ẹ́jẹ́, kí ìṣàn máa gbé e lọ, má ṣe fà á. Àrọ̀ kò ní kà á sí, ìsàlẹ̀ ni ó ń jẹun. Ṣùgbọ́n àwọn ẹja fàdákà kéékèèké tí ń fò gbé kòkòrò wà níbẹ̀, ó sì lè jẹ́ pé ọ̀kan nínú wọn yóò gbé e. Kọ̀wé sí wa kí o sọ bí ó ti rí, kí o sì kọ ọjọ́ tí o lọ àti bí omi ti jìn tó sí i, nítorí a óò tẹ̀ ẹ́ jáde ní igun yìí.